Boxster S ọdún 2003 kan ń wù mí ní Ìlọrin: kí ni kí n yẹ̀ wò, èló ló sì tọ́ sí i?

ỌmọPàkátà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Porsche Boxster S kan wà níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lójú ọ̀nà Fate. Dúdú ni, aláṣọ ni òrùlé rẹ̀, gíà ọlọ́wọ́ ló ní. Ẹni tó ń tà á ní ọkọ̀ ọdún 2003 ni, pé láti Amẹ́ríkà ló ti wọlé, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló ti lò ó ní Nàìjíríà. Máìlì 71,000 ló wà lójú mítà. Mílíọ̀nù 18 ló pè é.

Mo jókòó sínú rẹ̀, wọ́n sítáàtì rẹ̀, ohùn rẹ̀ mọ́, kò sí iná ìkìlọ̀ kankan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì ni irú ọkọ̀ yìí ti ń wù mí. Owó tí mo tọ́jú tó o, ó lé díẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò? Ta ló lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò? Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó tọ́? Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún Camry ṣe ní òun á bá mi dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun ò fọwọ́ kan Porsche rí.

OníGíàTánkẹ̀

Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀, àsansílẹ̀ pàápàá má san. Bá mi kí mẹkáníìkì rẹ yẹn, torí ó sọ òótọ́ fún ọ. Ọ̀pọ̀ ni ò ní sọ ọ́.

Iṣẹ́ ọkọ̀ Jámánì ni mò ń jẹ. Boxster kì í ṣe ọkọ̀ tí a ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí níwájú, kò sì sí nínú búùtù ẹ̀yìn. Àárín ló wà, lẹ́yìn àga tí o jókòó sí. Ṣí iwájú, ibi ẹrù àti bátìrì lo máa bá. Ṣí ẹ̀yìn, ibi ẹrù náà ni, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì àti omi. Ẹni tó bá ní òun ti wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láì gbé ọkọ̀ náà sókè kò tíì rí nǹkan kan. Ibi tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè dáadáa ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe jáàkì ẹ̀bá ọ̀nà, torí ẹ máa wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ́.

Ohun tó ń ba àwọn tó mọ Porsche lẹ́rù jù nínú ẹ́ńjìnnì yẹn ni béárìn kan tí wọ́n ń pè ní IMS. Ṣáàfù kan wà níbẹ̀ tó ń gba agbára lọ́wọ́ kíráǹkì, tó ń fi ṣéènì yí àwọn káámù. Béárìn yìí ló di ìdí ṣáàfù náà mú, lápá ibi tí gíà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì gan-an. Bí ó bá fọ́, ṣéènì á kúrò láyè rẹ̀, fáàfù á kọlu písítìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Èyí tó jáde láti 1997 títí di nǹkan bíi 1999 jẹ́ onílà méjì, ó lágbára díẹ̀. Láti nǹkan bíi 2000 sí 2005, onílà kan ni wọ́n fi sí i, òun ló sì ti yọ àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ti 2006 sí 2008 tóbi sí i, kì í sáábà fọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé yọ láì la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Láti ọkọ̀ ọdún 2009 ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà pátápátá, ṣáàfù yẹn ò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. 911 tí wọ́n ń pè ní 996 ní wàhálà kan náà, àyàfi Turbo àti GT3 tí ẹ́ńjìnnì tiwọn yàtọ̀.

Nítorí náà èyí tí ò ń wò bọ́ sáàárín àwọn ọdún tó léwu. Ìyẹn ò ní kó o máà rà á. Ohun tó ní kó o ṣe ni kó o tú fílítà ọ́ìlì rẹ̀ wò.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Fílítà náà wà lábẹ́ ọkọ̀, nínú ife oníke dúdú kan. Bí wọ́n bá yọ ife náà, ọ́ìlì díẹ̀ ló máa dànù, kò dí dandan kí wọ́n da gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù. Kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ife náà kí ẹnikẹ́ni tó nù ún, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń rọ̀ sí. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀bẹ mímú gé pépà fílítà náà kúrò lára igi rẹ̀, tẹ́ ẹ sórí pépà funfun nínú oòrùn, kó o máa ṣí ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rí èérún dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀, tó ṣeé fi èékánná gé, ike tí ṣéènì ń fara ra ni, ó sọ fún ọ pé ẹ́ńjìnnì ti dàgbà. Bí o bá rí èyí tó ń dán bíi kóró, gbé òòfà sún mọ́ ọn. Èyí tí òòfà kò gbé, alumíníọ̀mù ni, ẹ wá orísun rẹ̀. Èyí tí òòfà gbé, irin ni, béárìn sì ni irin. Bó o bá rí ìyẹn, kí olówó ọkọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kó o máa lọ ilé.

Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ tú fílítà, sọ fún un pé ìwọ lo máa ra fílítà tuntun àti ọ́ìlì tó bá dànù. Bó bá tún kọ̀, ìdáhùn rẹ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti wà lábẹ́ rẹ̀, wo ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé. Bó bá tutù díẹ̀, síìlì kíráǹkì ló ń mí, ó wọ́pọ̀ nínú wọn, kì í pa ọkọ̀. Bó bá ń kán sílẹ̀, iṣẹ́ ti dé. Nígbà tí wọ́n bá sítáàtì ẹ́ńjìnnì tó ti tutù láti òru, èéfín funfun díẹ̀ tó kọjá kíá kò burú, torí písítìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni, ọ́ìlì a máa jò wọ inú sílíńdà bó bá dúró pẹ́. Èéfín tó bo gbogbo àyíká tí kò sì lọ, ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní AOS, tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, ló ti já nínú. O lè dán an wò: bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, gbìyànjú láti ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bó bá fà mọ́ ọn gidigidi tí kò fẹ́ ṣí, AOS ni.

Ṣọ́ra fún ẹni tó bá ti mú ọkọ̀ náà gbóná kó o tó dé. Fọwọ́ kan páìpù èéfín rẹ̀ kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀.

AlfaSkánà

Ẹ̀gbọ́n OníGíà ti sọ èyí tó wà lábẹ́. Èmi á sọ èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọ̀gá mi ỌmọPàkátà, kí iná máà tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kò já mọ́ nǹkan kan fún mi. Ẹni tó bá ní skánà kékeré lè pa gbogbo kóòdù àbùkù rẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí o máa wá. Ohun tó máa ń tú irú wọn fó ni pé, bí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, gbogbo àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fún ara rẹ̀ á padà sí "not ready", ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ rìn dáadáa kí wọ́n tó padà pé. Gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú OBD2, ibi tí a ń ki skánà bọ̀, tó ń fi èyí hàn, skánà olówó pọ́ọ́kú sì lè kà á. Bó o bá rí "not ready" mẹ́ta mẹ́rin lójú kan náà, bi í léèrè ohun tó pa rẹ́.

Ṣùgbọ́n skánà kékeré ò ní dé inú Porsche. Wá ẹni tó ní Durametric tàbí PIWIS, skánà tó wà fún Porsche gan-an. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Abuja. Bó ò bá rí i ní Ìlọrin, sanwó ọkọ̀ fún ẹni tó ní i kó wá. Ohun méjì ni kó kà fún ọ.

Àkọ́kọ́ ni wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́. Máìlì 71,000 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 114,000. Bó bá kà á pé ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ wákàtí 2,300, ó já sí nǹkan bíi kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, ọkọ̀ tó ń rìn lójú pópó nìyẹn, mítà rẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Bó bá jẹ́ wákàtí 5,000 ló kà, ó já sí 23. Yálà inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ti lo gbogbo ayé rẹ̀, tàbí wọ́n ti dá mítà padà sẹ́yìn. Mítà ṣeé dá padà pẹ̀lú owó kékeré. Àwọn tó ń dá a padà kì í sáábà rántí wákàtí ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni àkọsílẹ̀ eré àsájù. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yí kọjá ààlà, ní ìpele kìíní àti ìpele kejì, ó sì ń kọ wákàtí tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ìpele kìíní, kó o kàn tẹ iná títí dé ojú pupa ni, kò ṣòro. Ìpele kejì ló burú: ẹni tó fẹ́ wọ gíà kẹrin láti ẹ̀kẹta ṣùgbọ́n tó ṣèèṣì wọ ẹ̀kejì, tí táyà sì fi ipá yí ẹ́ńjìnnì kọjá agbára rẹ̀. Níwọ̀n bó ti jẹ́ gíà ọlọ́wọ́, má fo èyí. Wo wákàtí rẹ̀ náà. Bó bá ti pẹ́ gan-an tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa látìgbà náà, a lè dárí jì í. Bó bá jẹ́ àìpẹ́, rárá.

MàámiKílíríǹgì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì lẹ ti ń wò, ẹ ò tíì wo ìwé. Pọ́ọ̀tù ni mo ti ń jẹun. Mo ti rí ọkọ̀ tó mọ́ tónítóní tí ẹni tó rà á pàdánù rẹ̀ torí ìwé.

ỌmọPàkátà, ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásí ní ibi mẹ́ta: lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, àti lára sítíkà tó wà lábẹ́ ìdérí iwájú, èyí tó tún ní nọ́ńbà ọ̀dà àti àwọn kóòdù ohun tí wọ́n fi sí ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́. Bí sítíkà yẹn ò bá sí, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ iwájú ọkọ̀ náà tàbí wọ́n ti kùn ún. Gbogbo nọ́ńbà ṣáásí jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ti Porsche bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WP0, òdo ni o, torí lẹ́tà O, I àti Q kì í sí nínú nọ́ńbà ṣáásí. Ka a dé ìkẹwàá: 3 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ ti 2003. Bó bá jẹ́ 1, ti 2001 ni. Bó bá jẹ́ Y, ti 2000 ni. Bó o bá rí U ní ìkọkànlá, má bẹ̀rù, Finland ni wọ́n ti tò ó, ọ̀pọ̀ Boxster ni wọ́n tò níbẹ̀ fún Porsche, kì í ṣe ayédèrú.

Kí n sì fún ọ ní èyí tó o lè wò láì gbé gíláàsì ojú wọ̀: wo fèrèsé ẹ̀yìn lára òrùlé aṣọ náà. Ike ni tàwọn tó ṣáájú 2003, láti 2003 ni wọ́n ti fi gíláàsì sí i. Bí o bá rí ike lára èyí tí wọ́n ní ti 2003 ni, yálà ọdún ni wọ́n pa irọ́ rẹ̀, tàbí wọ́n ti gbé òrùlé ọkọ̀ mìíràn wá.

Lẹ́yìn náà, tẹ nọ́ńbà ṣáásí yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó o tó sanwó Carfax, ìwé ìtàn ọkọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá ló ti gba ibi tí wọ́n ti ń lu ọkọ̀ tó fara gbọgbẹ́ ní gbàǹjo kọjá, fọ́tò wọn a sì máa wà níbẹ̀ títí. Bí o bá rí "salvage" (èyí tó bàjẹ́ gan-an), "rebuilt" (èyí tí wọ́n tún tò) tàbí "flood" (èyí tí omi mù), ọkọ̀ mìíràn lò ń rà yẹn, iye rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ti omi ló burú jù. Fa bẹ́líìtì àga jáde títí dé ìpẹ̀kun, wo bóyá ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbi tí kì í dé ìta. Wo irin tí àga ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà.

Ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí ni Chikanda, ẹnubodè Benin, wà, ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọkọ̀ fàyàwọ́ ò ní ìdúró níwájú kọ́sítọ̀ọ̀mù, ibi yòówù kí wọ́n ti bá a. Gba nọ́ńbà tó wà lórí ìwé owó ibodè, fún ajẹ́ńtì tó o fọkàn tán kó bá ọ wò ó bóyá ó bá nọ́ńbà ṣáásí mu. Wo nọ́ńbà àwo ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì FRSC. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìní ọkọ̀ ni kó fọwọ́ sí i fún ọ, kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe "ọ̀gá tó ń bá a tà á".

ỌmọPàkátà

Ẹ ṣé gan-an, Màámi. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti lọ ka nọ́ńbà ṣáásí náà, 3 ló wà ní ìkẹwàá, U ní ìkọkànlá, gíláàsì ni fèrèsé ẹ̀yìn. Sítíkà abẹ́ ìdérí iwájú wà. Ẹni tó ń tà á gbà kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò bí mo bá fi ẹnì kan tì í.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kan wo íntánẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ó ní irú rẹ̀ ò tó iye yìí lọ́hùn-ún, pé kí n ná an sí ìdajì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

AráỌmùÀrán

Ìlú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ yìí ni mò ń gbé báyìí, mo sì ń rà mo ń tà díẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ gbàgbé pé ọkọ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ló wà. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè, owó pọ́ọ̀tù, owó ajẹ́ńtì, owó wíwa ọkọ̀ náà láti Èkó, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ gorí iye tọ̀hún kó o tó fi wé ti ọ̀nà Fate. Ohun kejì ni pé iye tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ kọ́ ni iye tí wọ́n tà á. Iye tí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì parí sí ni kó o máa wò, torí owó gidi ni ẹnì kan fi lélẹ̀ níbẹ̀. Wo èyí tí ọdún rẹ̀, gíà rẹ̀ àti máìlì rẹ̀ sún mọ́ tìrẹ nìkan. Gíà ọlọ́wọ́ máa ń wọ́n ju Tiptronic, ìyẹn gíà tó ń yí fúnra rẹ̀, lọ, S sì máa ń wọ́n ju èyí tí kì í ṣe S. Èyí tó ní ìwé àtúnṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òní yàtọ̀ gedegbe sí èyí tí kò ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà tí mo máa ń gbà dá iye lé ọkọ̀ báyìí ni: mo máa ń bi ara mi pé, bí ọkọ̀ yìí ò bá ní àbùkù kankan, èló ni mo lè rí ẹlòmíì rà á lọ́wọ́ mi láàárín oṣù méjì níbi tí mo wà? Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì ní Ìlọrin. Àwọn tó lè ra Corolla lọ́wọ́ rẹ pọ̀ láti Gérí Alímì dé Gánmọ̀. Àwọn tó lè ra Boxster kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fẹ́ lọ Èkó lọ wá a. Ẹni tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bi í bí ọkọ̀ náà ti pẹ́ tó níbẹ̀, wo eruku abẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ. Iye tí o bá rí láti inú ìbéèrè yẹn ni o máa yọ àbùkù kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe nínú iye tó ń pè.

Ẹ̀gbọ́n OníGíà, ẹ má bínú, mo fẹ́ ta ko yín díẹ̀. Ọ̀pọ̀ béárìn yẹn ò fọ́ rí títí ọkọ̀ fi gbó. Bí fílítà bá mọ́, ọkọ̀ yẹn ṣeé rà. Kó kàn fi owó béárìn tuntun sínú ìṣirò rẹ̀.

OníGíàTánkẹ̀

Mi ò bínú rárá, àbúrò, a jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kó máà ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gíà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé béárìn yẹn. Bí gíà bá ti sọ̀ kalẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì wà níwájú rẹ, síìlì kíráǹkì wà níwájú rẹ. Ẹni tó ṣe kílọ́ọ̀ṣì lónìí tó tún padà wá ṣe béárìn lọ́dún tó ń bọ̀ sanwó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bó bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí ẹni ń ti ògiri, inú rẹ̀ ti jẹ, ìgbà tó tọ́ láti ṣe gbogbo rẹ̀ ti dé. Béárìn àti kílọ́ọ̀ṣì tó dára láti òkè òkun, àwọn méjèèjì lè sún mọ́ ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là kí owó ìkówọlé àti owó iṣẹ́ tó gorí rẹ̀. Kó ná ọkọ̀ náà bí ẹni tó ti mọ ìyẹn.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi. Ẹnì kan ní Ọ̀ffà fẹ́ ta Mercedes SL fún mi, ẹlòmíì ní Èkó sì fi fọ́tò Ferrari 360 ránṣẹ́. Ṣé ọ̀nà kan náà ni?

AlfaSkánà

Ìwé àti skánà, ọ̀nà kan náà ni. Àbùkù wọn ló yàtọ̀. SL tó jáde láti nǹkan bíi 2002, bó bá ní ABC, omi ọ́ìlì tó ní ipá ló gbé e dúró. Jẹ́ kó sùn mọ́jú, lọ wò ó kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Bí igun kan bá ti wó lulẹ̀, ó ń jò, ẹ̀yà ABC sì wọ́n gan-an. Ferrari 360 ní bẹ́líìtì táímìn tí ọdún ń pa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ò rìn, béèrè ìwé ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ èyí tó ní gíà F1, tí kò ní pẹ́dálì kílọ́ọ̀ṣì, skánà tiwọn á sọ iye kílọ́ọ̀ṣì tó kù fún ọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òòfà ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ lára rẹ̀ láti wá ibi tí wọ́n fi pọ́tì dí, alumíníọ̀mù ni gbogbo bọ́dì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn nínípọn ọ̀dà lo máa nílò, irú tó lè ka alumíníọ̀mù.

Lára Boxster, òòfà ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà, bọ́ńpà nìkan ni ike. Ẹ̀rọ ìwọn ọ̀dà náà dára jù ú lọ: ọ̀dà ilé iṣẹ́ máa ń wà láàárín nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 180. Bí o bá rí 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojú kan ṣoṣo, wọ́n ti fọwọ́ kàn án níbẹ̀.

MàámiKílíríǹgì

Táyà: nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn nínú kóòdù DOT, ọ̀sẹ̀ àti ọdún. 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, ná an bí ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, bó ṣe wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

OníGíàTánkẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú ọ̀nà wa kí n tó gbàgbé. Rédíétọ̀ Boxster wà lẹ́yìn ihò bọ́ńpà iwájú, S ní ẹ̀kẹta láàárín. Ewé, ọ̀rá àti eruku ọyẹ́ máa ń kó sínú ihò yẹn, wọ́n á jẹrà, wọ́n á jẹ rédíétọ̀. Tan iná wo inú ihò yẹn. Lẹ́yìn náà, wa á ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe alẹ́, gba orí bíríìjì Ìdíàgbọ̀n kọjá, padà sínú súnkẹrẹ ní Post Office, tan AC, kó o sì máa wo ìgbóná ẹ́ńjìnnì. Wá ibi tí ojú ọ̀nà ti dára lápá pápákọ̀ òfuurufú, fún un ní gíà kejì àti ẹ̀kẹta dáadáa. Bí gíà bá ń ké tàbí tó ń já jáde nígbà tó o bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ìyẹn náà lówó lórí.

Wo abẹ́ bọ́ńpà iwájú. Bó bá ti fara gbo ilẹ̀ púpọ̀, ó ti gun ọ̀pọ̀ ibi tó yẹ kó yà fún. Epo ńkọ́? Ọkọ̀ Amẹ́ríkà yẹn ń béèrè 93 lórí ìṣirò tiwọn, tó sún mọ́ 98 ti Yúróòpù. Èyí tí a ń rà níbí rẹlẹ̀ sí i. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ á fa ìtanná sẹ́yìn láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, kò ní kú, ṣùgbọ́n kò ní fún ọ ní gbogbo agbára rẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ooru gíga bó o bá ń gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ta.

AráỌmùÀrán

Ohun kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Ihò tí omi òjò ń gbà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé aṣọ rẹ̀, ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn méjèèjì. Bó bá dí, omi á wọ inú ọkọ̀, á rọ sábẹ́ àga, ibẹ̀ gan-an ni àpótí ìmọ́bíláísà, tí kì í jẹ́ kí olè sítáàtì ọkọ̀, wà. Bí omi bá mu ún, kọ́kọ́rọ́ ò ní ṣí i, ọkọ̀ ò ní sítáàtì. Ti ọwọ́ rẹ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ àga. Bó bá tutù, tàbí tó ń rùn, dúró.

ỌmọPàkátà

Ẹ kú ìdúró tì mí. Ó ti di ṣíṣe. Ẹni tó ní Durametric wá láti Èkó, ẹ̀gbọ́n OníGíà sì jẹ́ kí a lo ibi iṣẹ́ wọn. Mo kọ ohun tí a rí síbí kó lè wúlò fún ẹlòmíì.

Wákàtí ẹ́ńjìnnì bá mítà mu. Ìpele kejì eré àsájù ní ìwọ̀nba díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an. Fílítà mọ́: èérún ike dúdú díẹ̀, kò sí èyí tí òòfà gbé. Ibi tí gíà ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì tutù, kò kán. Kílọ́ọ̀ṣì le. Ìdérí ọ́ìlì fà mọ́ ọn, AOS ti ń lọ. Wọ́n ti kun fẹ́ńdà ọ̀tún iwájú, 340 ni ẹ̀rọ kà níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin abẹ́ rẹ̀ tọ́, nọ́ńbà ṣáásí ò ní ìtàn gbàǹjo kankan. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbó ní ọdún. Kápẹ́ẹ̀tì gbẹ. Ìwé ibodè jẹ́ ojúlówó, Màámi ló bá mi rí ẹni tó wò ó.

Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń tà irú rẹ̀ ní Èkó tí mo bi gbà pé bí kò bá ní àbùkù, mílíọ̀nù 16 ló lè rí níbí. Iye tí wọ́n fún mi fún iṣẹ́: kílọ́ọ̀ṣì, béárìn àti síìlì pẹ̀lú owó iṣẹ́, mílíọ̀nù 3 àbọ̀, táyà, mílíọ̀nù 1, AOS, ẹgbẹ̀rún 400. Ó kù mílíọ̀nù 11 ó lé ẹgbẹ̀rún 100. Mo fi ìwé àyẹ̀wò náà hàn án lójú ara rẹ̀, mo sì sọ mílíọ̀nù 11. Inú bí i, ó ní 15. Mo dìde, mo kí i, mo lọ. Ó pè mí lánàá, ó ní 12 ni òpin.

AráỌmùÀrán

O ṣe é dáadáa. 12 ṣeé gbà fún ọkọ̀ tí fílítà rẹ̀ mọ́ tí wákàtí rẹ̀ sì pé. Ẹgbẹ̀rún 900 tó lé lórí ìṣirò rẹ ni o san fún ọkọ̀ tó o ti mọ inú rẹ̀, èyí tó o bá tún lọ wá ní Èkó, wàá tún sanwó àyẹ̀wò lórí rẹ̀.

OníGíàTánkẹ̀

Mo fara mọ́ ọn. Má wà á lọ sí Àbújá kó o tó gbé e wá fún mi. Béárìn kọ́kọ́.

MàámiKílíríǹgì

Báǹkì ni kó o fi sanwó, sí àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kó o sì gba ìwé ìní, ìwé ibodè àti lẹ́tà ìtà kí owó tó kúrò. Ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ lọ yí orúkọ padà lọ́jọ́ kan náà. Mi ò sì tíì gbọ́ kó o mẹ́nu kan kọ́kọ́rọ́ kejì. Kọ́kọ́rọ́ Porsche ní kóòdù tó bá ìmọ́bíláísà mu, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé ní Ọjà Ọba. Bí kò bá sí, béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti kọ́ òmíràn sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó o sì yọ ọ́ kúrò nínú mílíọ̀nù 12 yẹn kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.